Ẹnì Kan Ṣì Kù Lóde

Kò tíì sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn nígbà tí àwọn méjèèje dìde dúró.

Ìyá Ìwọlé rí wọn láti ìdí tábìlì rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pálọ̀. Ọ̀kan ń gé èékánná, ó dáwọ́ dúró. Ọ̀kan gbé ife tíì dé ẹnu, kò mu ún, kò sì gbé e sílẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn àbáwọlé bí àwọn tó fẹ́ kí àgbà kan tó ń bọ̀, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi bó ọsàn kan tán. Lẹ́yìn náà ni mọ́tò kan dúró níta, tí wọ́n kan ilẹ̀kùn lóòótọ́. Nígbà yẹn, àwọn méjèèje ti jókòó, wọ́n ń wo ilẹ̀, bí ìgbà pé ẹni tí wọ́n ń retí kọ́ ló dé.

"Ẹ ò ní kí àlejò káàbọ̀ ni?" ni Ìyá Ìwọlé bi wọ́n.

Káfíńtà, ẹni tó ti pẹ́ jù nínú wọn, ló dá a lóhùn. "A ó kí i, Ìyá. Ṣé òun nìkan ni?"

"Òun nìkan ni."

"Ó dáa," ni Káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọkọ̀ ti lọ.

Ìyá Ìwọlé kò kà á sí. Ó mú bíró, ó kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́: àwọn ará ilé dìde láìnídìí, wọ́n sì jókòó. Bí iṣẹ́ yẹn ti kọ́ wọn nìyẹn. Bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ bá ní òun rí nǹkan, má bá a jiyàn, má sì gbà fún un. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sì ti kọ sílẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí. Ó ti wọ fáìlì, ó sì dìgbà.

Ilé tí à ń wí yìí kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ilé gbígbé ni láàárín àdúgbò, ẹni tó ń ta búrẹ́dì wà ní apá kan rẹ̀, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà ní apá kejì. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti tọ́jú, tí ara rẹ̀ ti ń balẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì lè dá gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Oṣù mẹ́fà ni ìwé sọ pé kí ó lò, kó tún kọ́ bí a ti ń dáná, bí a ti ń lo oògùn lásìkò, bí a ti ń bá aládùúgbò jà láìgbé igi. Lẹ́yìn náà, kó máa lọ sílé rẹ̀.

Iṣẹ́ Ìyá Ìwọlé ni láti gba irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe é. Yóò ka lẹ́tà tó ti ilé ìwòsàn wá. Yóò ka ẹrù àlejò, dórí kóòmù, dórí ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya. Yóò wá mú fọ́ọ̀mù, yóò máa bi ẹni náà ní ìbéèrè, ohun tí ó bá sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni yóò kọ. Bó bá parí, yóò ka gbogbo rẹ̀ sókè sí i létí láti òkè délẹ̀, kí onítọ̀hún tó bu ọwọ́ lù ú. Òfin tí kì í yẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti sọ fún un pé, "Ẹni tí ayé ti gba gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kó rò pé a tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kà á fún un."

Àlejò ọjọ́ náà, àbúrò Ìyá Ìwọlé ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an.

Ọdún méjì ni obìnrin yìí kò ti la ẹnu sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ló rán ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, pé kó lọ ká aṣọ wọlé. Mọ́tò tí búrékì rẹ̀ kọ̀ ya wọ inú àgbàlá. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọmọ ti dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ fara dà á fún oṣù mẹ́ta, ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé e sọ́dọ̀. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n náà ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, orúnkún rẹ̀ sì ti ń dún bí àga àtijọ́. Bó bá jí ní òwúrọ̀, ohun tó ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, bí mo bá kú lónìí, ta ni yóò fi omi sí àbúrò mi yìí lẹ́nu?

Oṣù mẹ́rìnlá ni orúkọ àbúrò náà fi wà lára àwọn tó ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kò ṣófo. Ìgbà tí Télọ̀, arúgbó inú yàrá kẹta, sùn tí kò jí mọ́ ni àyè yọ. A kì í fi ikú ẹlòmíì yọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìwọlé sunkún ọpẹ́ nínú ilé ìdáná lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ló tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú.

Ọ̀gá ilé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí Ìyá Ìwọlé lè bí lọ́mọ, ti kìlọ̀ fún un ṣáájú. "Màmá, kò bójú mu kí èèyàn fúnra rẹ̀ gba ẹbí rẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ṣe é."

"Nọ́ọ̀sì tó dé lánàá? Ọ̀gá, ọwọ́ ta ló dára tó tèmi nínú ilé yìí?"

Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀ pé ẹni tí Ìyá Ìwọlé bá gbà wọlé, ìdákẹ́rọ́rọ́ ló ń bá a wọlé. Wọn kì í jà, wọn kì í sá, wọn kì í tu oògùn dànù. Àwọn tó máa ń wá bẹ ilé wò a sì máa sọ pé àwọn kò rí ilé tó parọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá gbà, kìkì pé kí nọ́ọ̀sì jókòó tì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Wọ́n jókòó sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pálọ̀. Nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè sọ̀rọ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ìwọlé. Àbúrò wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Òórùn ọṣẹ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ kó tó wá síbi iṣẹ́ ṣì ń ta lára rẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ?"

Ìyá Ìwọlé dúró bí òfin ti ní kó dúró, ó sì kọ ọ́: kò fèsì.

"Ṣé o mọ ibi tí o wà?"

Kò fèsì.

"Ṣé o máa ń gbọ́ ohùn tí àwọn yòókù kì í gbọ́?"

Àbúrò ń wo fèrèsé. Bíró ń lọ lórí ìwé. Ìbéèrè mẹ́tàlélógún ni, ẹ̀gbọ́n sì bi í tán pátá, kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé náà sókè, ó kà á pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tó ti fi ka irú rẹ̀ fún gbogbo ará ilé.

"Wọ́n bi í ní orúkọ, kò fèsì. Wọ́n bi í bóyá ó mọ ibi tó wà, kò fèsì. Wọ́n bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn. Ó ní òun ń gbọ́ ọ. Ó ní ohùn náà ń sọ pé, ẹnì kan ṣì kù lóde. Wọ́n bi í bóyá ó ń sùn dáadáa, kò fèsì."

Ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó di àtàǹpàkò àbúrò rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ sínú yíǹkì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ìka náà gbóná. Fún ọdún méjì, ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kò gbóná rí, àfi bó bá wà nínú omi.

Nọ́ọ̀sì mú àlejò lọ sí yàrá kẹta. Nígbà tó padà, ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Níbo lẹ ti rí ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ti ẹnì kan tó kù lóde."

Ìyá Ìwọlé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọmọdé ni, iṣẹ́ kò tíì mọ́ ọn lára. "Ọmọ mi, ohun tó bá sọ nìkan ni mo máa ń kọ."

Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Ìyá," ó ní, "àbúrò yín kì í sọ̀rọ̀."

Ìyá Ìwọlé fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó wo ìwé. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni, tó gún, tó mọ́, kò sí ibi tí bíró ti yọ̀. Ó rántí gbogbo ìyókù. Ó rántí eṣinṣin tó bà sí ọrùn aṣọ nọ́ọ̀sì nígbà tó ń kọ ìdáhùn kejì. Ṣùgbọ́n ìlà yẹn, bó ti ń wá a nínú orí rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá eyín tó ti yọ.

Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Fáìlì Káfíńtà ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wà níbẹ̀, ní àárín ojú ìwé: ó ní ohùn náà ń sọ pé, ẹnì kan ṣì kù lóde. Ó mú ti Tíṣà, obìnrin tó ń gbé yàrá kìíní. Ó wà níbẹ̀. Ti Télọ̀ tó ti kú. Ti ọmọkùnrin tó ń gé èékánná. Ọ̀rọ̀ kan náà, ibì kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó wá fa lẹ́tà ilé ìwòsàn yọ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á pẹ̀lú ìka. Káfíńtà kì í gbọ́ ohùn kankan, dókítà rẹ̀ kọ ọ́ gedegbe. Ilẹ̀ ló ń rò pé yóò rì mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Tíṣà kì í gbọ́ ohùn. Télọ̀ kì í gbọ́ ohùn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń gbọ́ ọ kó tó wọ ilé yẹn.

Àfi ẹnì kan. Fáìlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, okùn ni wọ́n fi dì í. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí Ìyá Ìwọlé gbà wọlé láyé rẹ̀. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, dókítà kọ ọ́ pé ó ti tó ogún ọdún tí ohùn kan ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un láìsinmi. Ìyá Ìwọlé rántí rẹ̀ kedere. Ó kà á fún un bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó kà á pẹ̀lú ẹnu kíkún. Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Ẹ ti bá mi gbé e." Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi lọ sílé, ara rẹ̀ yá, ó ń fò fẹ̀rẹ̀. Òun ló sọ Ìyá Ìwọlé di ọlọ́wọ́ dídára.

Ìyá Ìwọlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ìwé. Ó ń wá ẹlòmíì tó ti lọ sílé láti ìgbà náà. Oṣù mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, ọdún mẹ́sàn-án. Kò sí. Bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣófo nínú ilé yẹn, ikú ló gbá a mọ́.

Káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń wà. Ìyá Ìwọlé jókòó tì í.

"Ohùn tí o ń gbọ́ yẹn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ọjọ́ tí mo dé."

"Kó o tó dé ńkọ́?"

"Kí n tó dé, ilẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ilẹ̀ ò lóhùn, Ìyá." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi. Mo bu ọwọ́ lù ú."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"A sọ." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Gbogbo wa la sọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá Ìwọlé wá béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kó má béèrè láé. "Ta ló wà lóde?"

"Tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ni, èyí tí odò gbé lọ. Ti Tíṣà, ọkọ rẹ̀. Oníkálukú ló mọ tirẹ̀." Ó ń fi àtàǹpàkò pa ojú pákó bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń wá ibi tó rí gbágungbàgun. "Kò burú náà, Ìyá. Tẹ́lẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti kú. Ní báyìí, mo kàn ń dúró dè é ni. Èèyàn lè dúró. Ohun tí èèyàn ò lè ṣe ni kó kúrò níbi tí wọ́n máa wá a sí."

Ìyá Ìwọlé dìde kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó bá Ọ̀gá nínú ọ́fíìsì.

"Mo fẹ́ mú àbúrò mi padà sílé."

"Lónìí? Màmá, ó ti tẹ̀ka. Bí ẹ bá mú un lọ, ẹni tó tẹ̀lé e ló ni bẹ́ẹ̀dì. Ìsàlẹ̀ ìlà lẹ máa padà sí o."

"Mo mọ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó wo ojú Ọ̀gá, ojú èèyàn dáadáa, ó sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bíró. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ báyìí, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀, yóò mi orí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ìyá, àbúrò yín ti ń sọ̀rọ̀."

"Kò tíì pé wákàtí mẹ́ta," ni Ọ̀gá wí, inú rẹ̀ sì dùn dénú. "Màmá, mo ti sọ ọ́. Ọwọ́ yín dára."

Àbúrò ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Káfíńtà àti Tíṣà ti sún fún un, ó jókòó sí àárín wọn bí ẹni tí àyè rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú rẹ̀ ti padà. Ojú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò rí fún ọdún méjì, tó ti ń fi àdúrà wá, ló ń wò ó yìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti ha. "Orúnkún yín ń dùn yín."

Ìyá Ìwọlé kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e nítan, ó sunkún bí ọmọdé. Àbúrò rẹ̀ ń fi ọwọ́ tó gbóná pa á lórí. Nígbà tí Ìyá Ìwọlé gbé orí sókè, ó ní, "Dìde, ká máa lọ sílé."

"Bí mo bá lọ, ibo ni yóò ti rí mi?"

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń wí. Mo rán an níṣẹ́, kò tíì dé ni."

"Àbúrò mi, ó ti kú. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi aṣọ dì í."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí èèyàn ti ń ṣe bí àgbàlagbà bá sọ ọ̀rọ̀ rírùn láwùjọ. Àbúrò kò bínú. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ó kù lóde," ó ní.

Ìyá Ìwọlé tọrọ ohùn àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọdún méjì, ó sì gbà á. Bó bá wọ́ ọ lọ sílé tipátipá, bóyá yóò tún dákẹ́. Bó bá fi í sílẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀, yóò máa jẹun, yóò máa rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì yẹn títí wọn yóò fi gbé e jáde bí wọ́n ti gbé Télọ̀. Ó gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n títí, kò sí èyí tó fúyẹ́.

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Oòrùn ti ń wọ̀," ni àbúrò wí. "Bí ẹ bá dé ìta, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà níhìn-ín. Ẹ̀rù á máa bà á láti wọ ilé tí kò mọ̀, láìsí àgbà tó ní kó wọlé."

Ìyá Ìwọlé gbé báàgì rẹ̀. Bó ti ṣí ilẹ̀kùn, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dìde lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sí ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà kan. Ìyá Ìwọlé bojú wẹ̀yìn, ó sì rí ojú àbúrò rẹ̀. Ìgbà kan péré ló ti rí ojú yẹn rí, lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, tí wọ́n gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Má bá a jiyàn, má sì gbà fún un. Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò tẹ òfin yẹn lójú rí.

Ó bẹ̀rẹ̀, bí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí ọmọ ọdún méje, ó sì sọ fún afẹ́fẹ́ òfìfo pé, "Wọlé, ọmọ mi. Ìyá rẹ wà nínú ilé." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn.

Irin kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tó máa ń fà á padà kíá. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó ti bó gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ náà, kò padà. Ó dúró gbagada. Nǹkan tútù kan fara kan ẹ̀yìn ọwọ́ Ìyá Ìwọlé bó ti ń kọjá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn rọra padé, ó sì há.

Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń tẹ́tí. Nínú ilé, àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà, bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ ọdún méjì láti sọ. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un pè, ó rọra pè é, bí ẹni tó ń béèrè. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́.

Ohùn Káfíńtà ló gba ihò kọ́kọ́rọ́ wá, ó lọ sílẹ̀ gan-an, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí nǹkan tó wà lẹ́yìn òun gbọ́.

"Ìyá," ó ní, "ẹni tí ẹ ní kó wọlé yìí, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa."